Àtíbàbà fún mọ́tò: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Láàárín ọdún mọ́kànlá, mo ti kan àtíbàbà mẹ́ta fún mọ́tò nínú ọgbà ilé mi n'Ìbàdàn. Atẹ́gùn gbé èkíní lọ, ikán jẹ èkejì, ẹ̀kẹta ló ṣì wà lórí ìdúró. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nítorí wọ́n ti mú iná lọ, inú ilé ò sì ṣeé jókòó sí. N kì í ṣe wẹ́dà, n kì í ṣe káfíńtà. Owó ara mi àti làálàá ara mi ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀. Àwọn aládùúgbò àti mọ̀lẹ́bí tó bá yà sílé ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí.

Ṣé dandan ni kí mọ́tò ní ìborí? Ṣebí ìta gbangba ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ ń gbé tiwọn sí.

Wọ́n ń gbé e síta nítorí pé wọn ò ní pẹ́ tà á. Ẹ̀yin tí ẹ máa lò ó fún ọdún mẹ́wàá lọ̀rọ̀ kàn.

Òjò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún. Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀dà ọkọ̀ bá ṣì wà dáadáa, òjò á rọ̀, á ṣàn lọ, á tiẹ̀ tún báni fọ eruku. Oòrùn ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ láìpariwo. Ẹ wo àwọn Camry àti Corolla àtijọ́ tó wà nígboro: ara ilẹ̀kùn wọn ṣì ń dán, àmọ́ orí wọn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń bó bí ẹsẹ̀ ẹni tí kì í para nígbà ọyẹ́. Ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kun gbogbo rẹ̀. Ibi tí oòrùn ń bà lé tààrà ló bó. Ọ̀dà tó mọ́ gaara tó wà lókè pátápátá ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ jẹ, bí ìyẹn bá sì ti lọ, àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ṣá. Iná iwájú tó ti pọ́n bí èso ìyeyè, oòrùn náà ni, nítorí ike ni wọ́n fi ń bo iná ọkọ̀ òde òní, kì í ṣe gíláàsì. Dáṣíbọọ̀dù tó là, rọ́bà etí fèrèsé tó gan, wípà tó ń ha gíláàsì dípò kó nù ún, ọ̀dọ̀ oòrùn ni gbogbo wọn ti ń bọ̀.

Ooru inú ọkọ̀ tún wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá gbé mọ́tò sínú oòrùn tí ẹ sì ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, láàárín wákàtí kan inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí dígíríì 20 gbóná ju ìta lọ. Bí ìta bá wà ní 34 lóṣù kẹta, ẹ ṣírò ohun tí ẹ máa jókòó lé. Nítorí èyí náà, ẹ má ṣe fi ọmọdé sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títì, ì báà jẹ́ abẹ́ àtíbàbà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn kò ju èyí lọ: oòrùn ni ọ̀tá ọkọ̀, atẹ́gùn ni ọ̀tá àtíbàbà. Ẹni tó bá kọ́lé fún òjò nìkan, méjèèjì á bá a nílé.

Kò sówó lọ́wọ́ mi báyìí. Kí ni mo lè ṣe lónìí?

Ẹ yí ilé yín ká kí ẹ wo ibi tí oòrùn ń gbà. Oòrùn ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló le jù, ìwọ̀ oòrùn ló sì máa ń wà nígbà náà. Tó bá ti di bí aago méjì, ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibòòji. Ẹ gbé ọkọ̀ síbẹ̀, kí ẹ fà á mọ́ ògiri dáadáa. Bí kò bá sí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ kọ sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà wọlé bá dáṣíbọọ̀dù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá páálí fíríìjì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ gé e ní ìwọ̀n gíláàsì iwájú, kí ẹ fi há a láti inú. Bí ó bá ní ojú funfun, ojú funfun yẹn ni kó kọ síta. Páálí tèmi kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì ti pẹ́ ju èyí tó ń dán yanran tí mo rà nínú gosíló lọ.

Abẹ́ igi máńgòrò ńkọ́?

Ibòòji igi dùn, àmọ́ igi máa ń gba owó rẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, máńgòrò tó já láti òkè á tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì bọnú, oje rẹ̀ tó ń bó ènìyàn lẹ́nu kò sì ní ṣàánú ọ̀dà. Ẹyẹ ló wá burú jù. Ìgbẹ́ ẹyẹ lára ọ̀dà tó gbóná, tí ẹ bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ó lè jẹ ojú ọ̀dà wọnú. Ẹ má fi ọwọ́ ha á ní gbígbẹ nítorí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Aṣọ tó rin gbingbin ni kí ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á rọ̀, ẹ ó sì nù ún kúrò wẹ́rẹ́.

Igi òdán, àdán ń bọ̀ níbẹ̀ lóru. Igi àgbọn, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Nínú gbogbo igi ọgbà, dóńgóyárò ni mo fara mọ́: ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, èso rẹ̀ kékeré, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n kí ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó bá ti gbẹ kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.

Ṣé kí n kúkú ra aṣọ mọ́tò, tàbí kí n rán an?

Aṣọ mọ́tò dára fún ọkọ̀ tó ti wà lábẹ́ òrùlé. Ọkọ̀ tó wà níta gbangba, tí wọ́n ń gbé jáde lójoojúmọ́, aṣọ lè ṣe é ní jàǹbá. Eruku ló fà á. Bí ẹ bá fi aṣọ bo ọkọ̀ tí eruku wà lára rẹ̀, tí atẹ́gùn wá ń mì ín síwá sẹ́yìn ní gbogbo òru, sánpépà lẹ fi wọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, wákàtí kan péré ti tó fún eruku láti bo ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, nítorí náà n kì í lo aṣọ rárá láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì.

Ohun kejì ni omi. Aṣọ tó dà bí ọ̀rá kì í jẹ́ kí omi wọlé, kì í sì í jẹ́ kí èyí tó wà nínú jáde. Ìrì, ooru ilẹ̀, ọ̀rinrin, gbogbo rẹ̀ á há sábẹ́ rẹ̀. Aládùúgbò mi kan bo ọkọ̀ rẹ̀ báyìí láti oṣù karùn-ún, ó rìnrìn àjò. Nígbà tó ṣí i lóṣù kẹsàn-án, ọ̀dà orí rẹ̀ ti wú lékè-lékè bí ara ọmọ tí ooru mú, ìjókòó inú rẹ̀ sì ti bu bíi búrẹ́dì.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rán an, ẹ má gbé e fún télọ̀ tó ń rán bùbá. Ẹ wá àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò, ẹ̀rọ wọn ló lágbára tó o. Kánfáàsì ni kó wà lóde, aṣọ òwú tó rọ̀ ni kó wà nínú. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àlòkù dára gan-an. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú afẹ́fẹ́ méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi aṣọ kékeré ṣe ìbòrí fún un kí òjò má baà gbabẹ̀ wọlé. Rọ́bà ní etí ìsàlẹ̀, okùn pẹlẹbẹ kan tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Kí ẹ tó bò ó, ẹ fọ ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo rí flẹ́ẹ̀sì ńlá kan lẹ́yìn ìdìbò. Ṣé mo lè fi bo mọ́tò?

Gbogbo ọdún ìdìbò ni wọ́n ń bi mí léyìí. Flẹ́ẹ̀sì dára fún òrùlé, kò dára fún ara ọkọ̀. Nínú oòrùn, ike inú rẹ̀ máa ń rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ọjọ́ tí ẹ bá sì fà á, àpá rẹ̀ lè kù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá nà án sórí igi, kí ó ga ju ọkọ̀ lọ dáadáa, ó lè sìn yín fún ọdún kan. Ojú olùdíje ni kí ó kọ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn funfun ni kó wòkè, nítorí funfun ń dá oòrùn padà. Ẹ̀yin náà á máa rí ẹni tí ẹ dìbò fún nígbàkigbà tí ẹ bá gbójú sókè látinú ọkọ̀.

Ọparun àti tapólì ló rọ̀ mí lọ́rùn. Ṣé yóò pẹ́?

Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọparun mẹ́fà, tapólì búlúù kan, okùn, ọjọ́ Sátidé kan. Inú mi dùn dé ibi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ìyẹn lóṣù kìíní. Ní oṣù kẹrin, ìjì kan jà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó fa gbogbo rẹ̀ tu, ó sì gbé e lé táǹkì omi ẹni tó wà lẹ́yìn ilé mi. Èmi ni mo san owó táǹkì.

Àṣìṣe mẹ́ta ni mo ṣe. Mo na tapólì rẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹní. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ dá adágún sí ikùn rẹ̀, adágún omi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, 100 kílò ni, ìyẹn bí àpò símẹ́ńtì méjì tó so rọ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi. Ó yẹ kí n gbé igi kan gba àárín kọjá lókè, kí tapólì dà sọ́tùn-ún sósì bí òrùlé ilé. Èkejì, inú ilẹ̀ lásán ni mo ri ọparun bọ̀. Ọparun tí a kò fi oògùn sí, tó wà nínú ilẹ̀ tútù, ọdún kan sí méjì ni, ìdí rẹ̀ á ti jẹrà. Ẹ̀kẹta, tapólì búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kò fẹ́ràn oòrùn. Ẹ fọwọ́ kan èyí tó ti lo ọdún kan níta, ẹ ó rí i pé ó ń rún bí ewé gbígbẹ. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà nípọn, ó sì pẹ́. Àwọn onítírélà máa ń ta àlòkù rẹ̀. Ẹ ká a sílẹ̀ nínú oòrùn kí ẹ wo ihò ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Báwo ni agbára atẹ́gùn ṣe tó gan-an?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Òrùlé àtíbàbà tó gùn ní fíìtì 18, tó fẹ̀ ní fíìtì 10, ó tó mítà 16 àtààbọ̀ níwọ̀n bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń sáré ní 60 kìlómítà ní wákàtí kan, tó sì ráyè wọ abẹ́ òrùlé yìí, ó lè fi agbára bí 280 kílò tì í sókè. Ìyẹn ni pé àgbàlagbà mẹ́rin jọ ń fi èjìká gbé e. Bí ìwúwo ohun tó di òpó yín mú kò bá ju ìyẹn lọ, àtíbàbà máa lọ. Ìjì a sì máa sáré ju 60 lọ.

Ìjì tó ń ṣáájú òjò, èyí tó máa ń le ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ló sábà máa ń ti wá ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí ìlà oòrùn ni kí òrùlé ti relẹ̀, kí atẹ́gùn lè gorí rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀gbẹ́ tó ga bá kọ síbẹ̀, ẹnu lẹ là fún un. Mo mọ̀ pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ á ráyè wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì tó ga. Nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí àwọn tó ń ṣọ̀gbìn ẹ̀fọ́ ń lò ni mo fi kọ́ síbẹ̀. Atẹ́gùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá, ó sì ń pa oòrùn kù.

Ẹ má sì ṣe fi páànù tàbí flẹ́ẹ̀sì dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta pa. Ẹ ti rí bí agbòjò ṣe máa ń yí padà sókè mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Ayálégbé ni mí. Bàbá onílé ní n kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà òun.

Ẹ má bá bàbá jà, ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Ẹ wá ike ọ̀dà lítà 20 tàbí táyà àlòkù, ẹ gbé páìpù sáàárín rẹ̀, kí ẹ da kọnkéré sí i. Ike lítà 20 kan tó kún fún kọnkéré á wọ̀n tó 48 kílò. Àwọn mẹ́rin á jẹ́ 192. Ẹ rántí 280 tí mo kọ lókè: kò tó. Táyà jíìpù máa ń gba kọnkéré ju ike lọ, nítorí náà táyà ni mo fẹ́ràn, kí ó sì jẹ́ mẹ́fà.

Síbẹ̀, fún irú àtíbàbà tí kò ní ìpìlẹ̀ yìí, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò fún òrùlé, kì í ṣe páànù, kì í ṣe tapólì. Òjò á pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ pé òjò kọ́ ni ìṣòro. Bó bá jẹ́ tapólì lẹ fẹ́ dandan, ẹ fi okùn tó ṣeé tú kíá so ó, kí ẹ sì máa ká a tí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Ẹni tí kì í sí nílé lọ́sàn-án kò lè ṣe èyí.

Bí ẹ bá ń kó lọ, ẹ ó yí táyà yín lọ sílé tuntun. Ìyẹn náà dùn.

Igi wo ni ikán kì í jẹ?

Ìrókò, apá àti àyìn máa ń bá ikán jà pẹ́. Tíìkì náà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó bá jẹ́ inú rẹ̀ tó ti gbó. Àràbà, ẹ má sún mọ́ ọn. Èyí tí mo lò fún àtíbàbà kejì, wọ́n ta á fún mi ní pákó líle, mo gbà, n kò béèrè orúkọ rẹ̀. Mo fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kun ìdí òpó, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Ó lo ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan mo fara ti òpó kan, ó ṣẹ́, inú rẹ̀ ti di ilé ikán látòkè délẹ̀, ara rẹ̀ lóde sì ń dán.

Bí mo bá tún fẹ́ lo igi, n kò ní jẹ́ kó kan ilẹ̀. Màá da kọnkéré kékeré tó yọ sókè ní ínṣì mẹ́fà, màá ri irin méjì sínú rẹ̀, irin yẹn ni màá fi bóòtù de igi mọ́. Ikán tó bá fẹ́ gùn ún á ní láti mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gba ojú kọnkéré kọjá, ẹ ó sì rí i.

Irin àti páànù ni mo fẹ́ fi ṣe é. Kí ni ìwọ̀n rẹ̀?

Ẹ wọn ọkọ̀ yín. Corolla gùn tó fíìtì 15, Camry ń lọ sí 16, Sienna sún mọ́ 17. Ilẹ̀kùn nílò àyè láti ṣí, ẹ̀yin náà sì nílò àyè láti sọ̀ láìfi inú yín nu ara òpó. Fún ọkọ̀ kékeré, fíìtì 10 níbùú àti 18 lóòró. Fún Sienna tàbí jíìpù, 11 sí 20. Ẹ má ronú nípa ọkọ̀ tí ẹ ní lónìí nìkan.

Ẹ jẹ́ kí òrùlé dà sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé fíìtì 10 ni ìbú rẹ̀, páànù fíìtì 12 kan á bò ó láti etí dé etí, á ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, láìsí ojú ìsopọ̀ tí omi lè gbà jò. Ẹ̀gbẹ́ tó ga, fíìtì mẹ́jọ àtààbọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó relẹ̀, méje àtààbọ̀. Fíìtì kan tó fi yàtọ̀ yẹn ti tó fún omi láti sáré.

Òpó mẹ́fà, mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, fíìtì mẹ́sàn-án síra wọn. Páìpù onínṣì mẹ́ta ni mo lò. Onínṣì méjì tó nípọn náà á gbé e. Ihò òpó kọ̀ọ̀kan, fíìtì kan sí fíìtì kan, kó jìn ní fíìtì méjì. Kọnkéré tó kún inú rẹ̀ á wọ̀n ju 130 kílò lọ, mẹ́fà á jẹ́ bí 800. Nísinsìnyí, ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà níwájú 280 yẹn. Ṣùgbọ́n kí wẹ́dà jó irin kékeré gba ìdí páìpù kọjá bí àgbélébùú kí wọ́n tó rì í, kó má baà yọ́ jáde bí iṣu. Símẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ẹ bu omi lé e fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí páànù tó gun orí rẹ̀. Àwọn wẹ́dà kò fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ kan yìí, wọ́n á ní ó ti gan lọ́jọ́ kejì. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Orí páìpù, kí wọ́n dí i pa, nítorí omi tó bá wọ inú rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú lọ síta, ẹ kò sì ní mọ̀. Ìdí òpó, kí kọnkéré yọ sókè ilẹ̀ kó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kí omi má dúró níbẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀dà pupa tó ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀.

Ọjọ́ tí wẹ́dà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ ilé ẹlòmíì. Iná tó ń ta pàrà láti ibi iṣẹ́ yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á sì dá kòtò wẹ́wẹ́ sí i tí ẹnikẹ́ni ò lè nù kúrò.

Páànù wo?

Ẹni tó wà ní Lẹ́kkí, Àjàh tàbí Badagry, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun á tètè jẹ páànù lásán. Alumí ni kó rà. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ tàbí Àkúrẹ́, páànù lásán á gbé e fún ọdún mélòó kan, alumí á sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ike aláwọ̀ gaara tí àwọn èèyàn ń pè ní Danpalon dára lójú, kì í sì í pariwo nígbà òjò bíi páànù. Ẹ rí i dájú pé ojú rẹ̀ tí wọ́n fi oògùn oòrùn sí ló wòkè. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá tó wà lójú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, á tètè pọ́n, á sì gan.

Ìṣó tó ní rọ́bà lọ́rùn ni kí wọ́n fi kàn án, kí ó sì pọ̀ ní etí gbogbo, nítorí etí ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Omi orí òrùlé ńkọ́? Aládùúgbò mi ti ń ráhùn.

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Òjò mílímítà 10 péré lórí òrùlé fíìtì 10 sí 18, lítà 167 ni. Ẹ kò lè máa da ìyẹn sí ẹsẹ̀ ògiri ẹlòmíì. Ẹ fi gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ tó relẹ̀, kí ẹ gbé dírọ́ọ̀mù sí ẹnu rẹ̀. Òjò kan tó dára á kún dírọ́ọ̀mù lítà 200, ìyàwó mi kò sì ra omi láti fi fọ mọ́tò tàbí fọ ilẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹrin títí òjò fi lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀.

Ẹran àti eku?

Ewúrẹ́ fẹ́ràn ibòòji yín jù yín lọ, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló sì máa gùn. Ẹ ti géètì. Adìyẹ máa ń wọ̀ sórí igi òrùlé tí ẹ bá jẹ́ kó rí ibi bà lé. Agbọ́n máa ń kọ́lé sí abẹ́ páànù. Ẹ máa gbójú sókè wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Eku ní tirẹ̀, oúnjẹ ló ń wá: ẹ má fi búrẹ́dì tàbí ẹ̀pà sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ má sì kó àpò àgbàdo sí abẹ́ àtíbàbà, torí tó bá jẹ ìyẹn tán, wáyà ẹ́ńjìnnì ló kàn.

Ṣé mo nílò ìwé àṣẹ? Ibo ni kò yẹ kí n kọ́ ọ sí?

Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, pàápàá bí òpó yín bá wà níwájú fẹ́ǹsì tàbí lórí gọ́tà ìjọba. Ẹ ti rí àmì pupa tí wọ́n ń kọ sára ògiri. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára páìpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Ẹ má kọ́ ọ sábẹ́ wáyà NEPA. Bí wáyà bá já sórí páànù, gbogbo òpó irin yẹn ló máa gbé iná. Ẹ má sì sọ ọ́ di ilé jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé àyè náà á máa pè yín, àmọ́ èéfín rẹ̀ á gba fèrèsé wọ yàrá, epo bẹntiróòlù àti iná á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó kún fún epo.

Ẹ̀gbọ́n, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ sílé n'Ìbàdàn fún oṣù mẹ́jọ. Ṣé kí n bò ó pátápátá?

Àbúrò, òrùlé ni kó o wá fún un, lẹ́yìn náà aṣọ òwú tó ń mí. Má lo ọ̀rá. Kí wọ́n yọ orí bátìrì kan. Kí wọ́n má fa hánbíréèkì, kí wọ́n fi òkúta dí táyà, torí bíréèkì tó bá dì mọ́ ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ lè kọ̀ láti tú. Fẹ́ táyà dáadáa kó o tó lọ.

Ohun tó dára jù ni ẹni tó máa wa á. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà. Kí wọ́n kàn tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọgbà kò ṣe é láǹfààní, ó ń jẹ bátìrì lásán ni. Yan ẹni náà dáadáa. Mo ti gbọ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ báyìí tó lọ ṣe ìgbéyàwó mẹ́rin ní Ìlọrin.

Báwo ni mo ṣe máa mọ wẹ́dà tó dáa?

Ẹ ní kó mú yín lọ wo àtíbàbà tàbí géètì tó ti ṣe, tó ti rí òjò ọdún méjì. Ẹ fọwọ́ pa ojú ibi tó ti jó o pọ̀: bí ìpẹtà bá ń ṣàn láti ibẹ̀, kò kùn ún dáadáa. Ẹ di òpó náà mú kí ẹ mì ín. Ẹ bi onílé bóyá ó parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá. Ẹ ra irin fúnra yín, kí ẹ sì gbé tépù dání lọ sọ́jà, nítorí páìpù tí wọ́n pè ní fíìtì 20 kì í sábà pé 20.

Èmi rí tèmi níbi tí mo ti ń bi wọ́n ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa pé ta ló ṣe ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn wọn. Àwọn àgbàlagbà ń fara tì í lójoojúmọ́, kò sì mì.